Wọ́n Ní Kó Pe Orúkọ Ọmọ Ẹ̀

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ wá ibi jókòó sí. Tí ẹ bá gbé nǹkan kaná, ẹ lọ sọ ọ́ kalẹ̀ ná, torí ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí, tí mo bá ti bẹ̀rẹ̀, mi ò ní dúró de ẹnikẹ́ni. Òfófó ni, kí n má purọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe irú èyí tá a máa ń rẹ́rìn-ín sí o. Ọ̀rọ̀ Máyọ̀kún àti Ummulkhair ni. Ojú mi ni púpọ̀ nínú ẹ̀ ṣe, èyí tí kò ṣojú mi, ẹni tó ṣojú ẹ̀ ló sọ fún mi.

Ẹ mọ̀ pé èmi Màmá Jael, mò ń dirun ní Lawanson, ní Sùúrùlérè. Ummulkhair ló máa ń jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù mi, tó ń fi làálì kun ọwọ́ àtẹsẹ̀ fún àwọn tó fẹ́ ṣègbéyàwó. Ọmọ Hausa ni, láti Sáríà lókè Ọya. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ọkùnrin, Àlíyù tó ń ta lọ́fínńdà ní Ìdí-Àràbà, ló ń gbé. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó dúdú, ó dákẹ́. Nígbà yẹn, Yorùbá ẹ̀ ò ju kó kí èèyàn, kó sì dúpẹ́ lọ.

Ọ̀sán Sátidé kan, ó ń kun làálì fún Fúnlọ́lá, tó fẹ́ ṣègbéyàwó lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀, Máyọ̀kún, wá mú un. Ìlúpéjú ni Máyọ̀kún ti ń bọ̀, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe páálí. Ọwọ́ Fúnlọ́lá méjèèjì tutù rìnrìn fún làálì, kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan nǹkan kan.

Ó bá pariwo: "Bọ̀dá Máyọ̀, imú ń yún mi o! Ẹ bá mi họ ọ́!"

"Ọ̀tún àbí òsì?"

"Ẹ ṣáà họ ọ́! Yéè! Ẹ̀yin èèyàn, ẹ gbà mí, ó ń fa imú mi bí ẹni ń fa ewúrẹ́!"

Ummulkhair bú sẹ́rìn-ín. Ó yára fi ìbòrí bo ẹnu, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti jáde. Máyọ̀kún gbójú sókè, ó sì gbàgbé ọwọ́ ẹ̀ sórí imú àbúrò ẹ̀. Ẹ̀yin tèmi, mo rí i. Ọ̀rọ̀ bùṣe níbẹ̀.

"Àǹtí, ẹ ò kun tọkùnrin ni?"

Ummulkhair mi orí. "Ọkùnrin, rárá."

"Èékánná kan ṣoṣo." Ó na ọmọńdinrín ẹ̀ síwájú bí ọmọdé tó fẹ́ gba súìtì.

Ummulkhair wò mí. Mo ní, "Kùn ún fún un jàre, kó yéé dí mi lọ́nà."

Ó kùn ún. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, gbogbo ilé iṣẹ́ ń pe Máyọ̀kún ní ìyàwó tuntun. Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó tún dé, ó ní làálì òun ti ń ṣí, kí wọ́n bá òun tún un ṣe. Irọ́! Làálì wo ló ń ṣí láàárín ọ̀sẹ̀ kan? Èékánná yẹn ṣì pọ́n rẹ̀rẹ̀rẹ̀. Ummulkhair wò ó, ó wo ojú ẹ̀. Ó tún un kùn.

Bí ìfẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Oṣù mẹ́jọ ni wọ́n fi ń fẹ́ra. Yorùbá Ummulkhair ń gbéra díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n tí ẹ̀rù bá ti bà á, gbogbo ẹ̀ á sá lọ. Máyọ̀kún á máa pè é ní Ummú mi, olólùfẹ́ mi, ìtura ojú mi. Òun ò pe orúkọ Máyọ̀kún rí. "Màlámù" ló ń pè é.

Máyọ̀kún bi í lọ́jọ́ kan níṣojú mi: "Ummú mi, kí ló dé tí o kì í pe orúkọ mi?"

"Ní ilé wa, obìnrin kì í pe orúkọ ọkọ. Tí a bá bí ọmọ, ọmọ àkọ́kọ́, ìyá kì í pe orúkọ ẹ̀. Kì í gbé e, kì í bá a ṣeré, níwájú èèyàn. Kunya ni."

"Kí ló ń jẹ́ kunya?"

Ó ronú títí. "Ìtìjú. Ìtìjú tó dáa."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Máyọ̀kún lára. Ojú ẹ̀ ń dán nígbà tó ń sọ fún mi pé, "Màmá Jael, ẹ wo irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀! Ó pọ̀ débi pé ojú ń tì wọ́n láti gbé e síta." Ẹ rántí, mo ti sọ ọ́ fún un yín. Ohun tó ń gbé gẹ̀gẹ̀ yìí náà ló wá fi bo ara ẹ̀ lójú.

Ó wá kan ilé. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni ìyá Máyọ̀kún, Alhájà la máa ń pè é, ó ń ta abọ́ àti bọ́kẹ́ẹ̀tì ní Mushin. Ẹnu ẹ̀ mú ju abẹ lọ.

"Máyọ̀kún, ṣé àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú ti tán l'Ékòó ni? Gàm̀bàrí lo rí?"

"Alhájà, mùsùlùmí bíi tiwa ni."

"Ṣé mo ní kì í ṣe mùsùlùmí ni? Mo ní Gàm̀bàrí ni!"

Àlíyù náà ò gbà. Ó ní ẹ̀yin Yorùbá, bí ẹ ṣe ń ra ọjà lẹ ṣe ń fẹ́ obìnrin, tí ò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ ó ní ẹ fẹ́ dá a padà. Ṣùgbọ́n gbogbo Jímọ̀, tí wọ́n bá ti kírun tán, Máyọ̀kún á lọ kí i níwájú àwọn ìgò lọ́fínńdà ẹ̀. Oṣù márùn-ún gbáko! Nígbà tó yá, Àlíyù ní, "Ó rẹ̀ mí láti máa rí ọ. Máa mú un lọ."

Wọ́n so wọ́n pọ̀ ní mọ́ṣáláṣí. Lẹ́yìn ìyẹn, a wà níbi tá a ti ń jẹun, Alhájà wo apá ibi tí àwọn ará Ìdí-Àràbà jókòó sí, ó ní, "Ta ló kó gbogbo Gàm̀bàrí yìí wá síbí?" Kò mọ̀ pé Fàrídà, ìyàwó Àlíyù, gbọ́ Yorùbá bí ẹní mumi. Ìdí-Àràbà ni wọ́n bí i sí. Fàrídà dìde, ó wé ìbòrí ẹ̀ dáadáa, ó lọ. Kò tún fẹsẹ̀ kan ilé Máyọ̀kún mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu ò lẹ́sẹ̀, ó ní o, ó sì ń rìn jìnnà.

Yàrá kan àti pálọ̀ tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi ni wọ́n gbà. Inú mi dùn. Mo máa ń gbọ́ ẹ̀rín wọn láti ibi tí mo ti ń dirun.

Ummulkhair lóyún. Lọ́dọ̀ tiwọn, oyún àkọ́kọ́, ilé ìyá ẹni ni wọ́n ti ń lọ bí i. Ìyá á máa fi omi gbígbóná wẹ̀ ẹ́ fún ogójì ọjọ́, á máa bọ́ ọ, á máa bá a sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n lọ́dún yẹn, àwọn ajínigbé ti gba ọ̀nà òkè Ọya kan. Máyọ̀kún ní òun ò lè gbé aboyún sójú ọ̀nà yẹn, owó bàálù ò sì sí lọ́wọ́ nígbà yẹn. Ìyá Ummulkhair náà ò sì lè wá, torí lọ́dọ̀ wọn, ojú á ti ìyá láti wá sùn nílé àna ẹ̀. Nítorí náà, Alhájà ló wá wẹ ọmọ. Ọmọ ló wẹ̀ o. Ìyá ọmọ ò sí lára ohun tó torí ẹ̀ wá.

Ọkùnrin ni, pupa bí Alhájà. Wọ́n sọ ọ́ ní Ayọ̀mípọ̀sí.

Ummulkhair ò gbé e níwájú èèyàn. Tó bá fẹ́ fún un lọ́mú, ó máa kọjú sí ògiri. Kò pe orúkọ ẹ̀ rárá. Alhájà ò lè mú un mọ́ra.

"Irú obìnrin wo ni kì í wo ojú ọmọ ẹ̀? Ẹran pàápàá ń lá ọmọ ẹ̀!"

"Alhájà, ẹ fi í sílẹ̀, àṣà wọn ni. Kunya ni wọ́n ń pè é."

Gbogbo èèyàn ni Máyọ̀kún ṣàlàyé fún, títí kan ẹni tó ń gba owó iná. Nígbà tí Ummulkhair ò jẹun mọ́, ó ní oúnjẹ Alhájà ni kò mọ́ ọn lẹ́nu. Nígbà tí kò kí mi mọ́, ó ní ojú ló ń tì í. Ọrùn ẹ̀ gùn, ojú ẹ̀ jìn. Mo ní, "Máyọ̀kún, ìyàwó ẹ yìí, ṣé kò sí nǹkan?"

"Màmá Jael, mo bi í. Ó ní kò sí nǹkan."

Nígbà tó di ọjọ́ abẹ́rẹ́ ọmọ, èmi ni mo sìn ín lọ sí ibùdó ìlera. Ibẹ̀ kún, oòrùn ń pa wá. Nọ́ọ̀sì kan mú ìwé jáde, ó ní ìjọba ní kí àwọn máa bi gbogbo ìyá ọmọ ní ìbéèrè mẹ́wàá. Ṣé ẹ ṣì ń rẹ́rìn-ín? Ṣé ẹ máa ń sunkún láìnídìí? Irú ẹ̀ ṣá. Ó wà ní Yorùbá, ó wà lóyìnbó. Ọmọbìnrin kan tó jókòó sí apá ọ̀tún wa, kò tíì dáhùn ẹ̀kẹta tó fi bú sẹ́kún. Nọ́ọ̀sì dì í mú, ó pè é ní ọmọ mi, ó mú un wọlé tọ dókítà lọ lójú ẹsẹ̀. Mo ní, ẹ ò rí bí wọ́n ṣe ń ṣètọ́jú èèyàn níbí.

Ó wá kan Ummulkhair. Nọ́ọ̀sì bi í lóyìnbó, ó bi í ní Yorùbá. Ojú lásán ni Ummulkhair ń wò.

"Màmá, Hausa ni?" Èmi ló bi.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ṣé ó ń fa aṣọ ya?"

"Rárá."

"Ṣé ó ń pariwo? Ṣé ó ń sá jáde?"

"Kì í sọ̀rọ̀ rárá, mà."

"Ẹ̀n-ẹ́n, ẹ rí i! Àbísínwín kì í dákẹ́. Àti pé, àwọn wọ̀nyí? Àwọn tó ń bímọ sẹ́yìn ilé, tí wọ́n ń dìde gbálẹ̀ lọ́jọ́ kejì? Wọn kì í ní irú àìsàn yìí jàre. Àwọn ọmọ wa tó kàwé ló ń ní in."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì kọ òdo sí iwájú ìbéèrè kìíní, ó kọ òdo sí èkejì, ó kọ òdo dé ẹ̀kẹwàá. Kò bi í ní ẹyọ kan.

Kí n sọ òótọ́ fún un yín? Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ẹ má wulẹ̀ bú mi, mo ti bú ara mi tán.

Ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn ẹ̀, ní ọ̀sán, mo gbé ògì lọ fún un. Alhájà ti lọ sọ́jà, Máyọ̀kún wà níbi iṣẹ́. Mo gbọ́ igbe ọmọ láti ẹnu ọ̀nà, ohùn ẹ̀ ti há. Mo ṣí kọ́tìnì. Ummulkhair dùbúlẹ̀, ó kọjú sí ògiri, ojú ẹ̀ là sílẹ̀. Omi ọmú ti rin gbogbo iwájú aṣọ ẹ̀. Ọmọ wà lẹ́yìn ẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń ta ẹsẹ̀.

Mo gbé ọmọ. Ó wá ṣe mí bíi pé ẹnì kan gbá mi létí. Mo ní, ẹ̀yin èèyàn, kò mà sẹ́nì kankan nínú yàrá yìí. Ta ló ń tijú fún?

Mo rẹ ọmọ lẹ́kún, mo tẹ́ ẹ padà sórí bẹ́ẹ̀dì, mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo mú ọ̀nà Ìdí-Àràbà pọ̀n. Mo bá Fàrídà nínú ilé. Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún un, mo ní, "Ṣé bí kunya yín ṣe rí nìyẹn?"

Fàrídà fọwọ́ lérí. "Kunya? Nínú yàrá tí kò séèyàn? Màmá Jael, iwájú ìyá ọkọ ni kunya wà! Tí ilẹ̀kùn bá ti tì, ẹnu la fi ń kó ọmọ wa jẹ! Àkọ́bí tèmi, mo máa ń fẹnu kò ó títí á fi sunkún! Ta ló sọ fún un yín pé a kì í fẹ́ràn ọmọ?"

"Ọkọ ẹ̀ ló ní..."

"Ọkọ ẹ̀ mọ kí ni? Ó ti tó ọjọ́ mélòó?"

"Ọmọ ti lé lóṣù mẹ́ta."

Ó mú fóònù, ó pe Ummulkhair. Ó bá a sọ Hausa. Ó sọ̀rọ̀, ó tẹ́tí, ó tún sọ̀rọ̀. Mo ń wo ojú ẹ̀ bó ṣe ń yí padà. Nígbà tó gbé fóònù sílẹ̀, omi ti dé ojú ẹ̀. Ó ní, "Ó ní òun fẹ́ sùn, kí òun má jí mọ́. Èmi náà jẹ̀bi. Mo ń bá ìyá ọkọ ẹ̀ bínú, mo wá fìyà ẹ̀ jẹ Ummulkhair."

Ó ti sọ fún un pé kó dúró, òun ń bọ̀ láàárọ̀ ọ̀la, àwọn jọ máa lọ rí dókítà. Ṣùgbọ́n Ummulkhair ò dúró. Ẹ wò ó, oṣù mẹ́ta, kò sẹ́ni tó bi í léèrè ní èdè tó gbọ́. Nígbà tí ẹnì kan wá bi í, kò lè dúró dọ̀la. Ó pọn ọmọ, ó fi ẹsẹ̀ rìn, ó ń bọ̀ ní Ìdí-Àràbà lọ́dọ̀ wa. Èmi àti Fàrídà ṣì wà níbẹ̀, a ń pe Máyọ̀kún tí kò gbé e, torí wọ́n máa ń gba fóònù lọ́wọ́ wọn lẹ́nu géètì.

Bàbá Hausa kan tó ń rán bàtà ló sọ ìyókù fún wa.

Ó ní ó rẹ Ummulkhair lójú ọ̀nà ní Mushin, ó sọ ọmọ kalẹ̀, ó jókòó sínú oòrùn. Ọmọ ń ké. Kò fún un lọ́mú, ó kàn ń wo títì. Obìnrin kan ní, "Ìyá ọmọ, fún un lọ́mú." Kò dáhùn. Obìnrin náà wo ọmọ pupa, ó wo ìyá dúdú. "Ọmọ ta nìyí? Kí lorúkọ ẹ̀?"

Ummulkhair wolẹ̀.

"Mo ní kí lorúkọ ọmọ! Bàbá ẹ̀ ńkọ́? Pe orúkọ bàbá ẹ̀!"

Ó wolẹ̀.

"Ẹ gbà mí o! Gàm̀bàrí ti jí ọmọ Yorùbá gbé o!"

Ẹ mọ bí Mushin ṣe máa ń kún. Bàbá tó ń rán bàtà ń pariwo: "Kunya ni! Kì í pe orúkọ! Ẹ béèrè nǹkan mìíràn!" Wọ́n ní ẹgbẹ́ ẹ̀ ni, wọ́n fọ́ àpótí ẹ̀. Wọ́n já ọmọ gbà. Wọ́n fi igi, wọ́n fi bàtà, wọ́n fi ohunkóhun tó wà lọ́wọ́ wọn na Ummulkhair. Apá òsì ẹ̀ kán. Ọlọ́pàá méjì ló gba òun àti ọmọ lọ́wọ́ wọn.

Káàdì abẹ́rẹ́ ọmọ wà lábẹ́ ìró ẹ̀ ní gbogbo ìgbà yẹn. Orúkọ ọmọ, orúkọ ìyá, orúkọ bàbá, gbogbo ẹ̀ wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó wò ó.

Ẹ jẹ́ n mí ná.

Ilé ìwòsàn tí wọ́n gbé e lọ la sáré bá a, dókítà obìnrin kan ló dá wa lóhùn. Nígbà tí wọ́n ti to apá ẹ̀ tán, ó wò ó lójú pẹ́. Ó ní, "Ta ló gbọ́ èdè ẹ̀ níbí?" Fàrídà ní òun ni. Ni dókítà bá mú ìwé jáde. Ìbéèrè mẹ́wàá yẹn ni. Ó ń bi í lọ́kọ̀ọ̀kan, Fàrídà ń sọ ọ́ ní Hausa, ó sì ń dá èsì padà ní Yorùbá. Máyọ̀kún dúró lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, eruku páálí ṣì wà lára aṣọ ẹ̀.

Èyí tó kẹ́yìn ni bóyá ó ti wá sí i lọ́kàn rí láti pa ara ẹ̀ lára.

Fàrídà gbọ́ èsì. Kò lè sọ ọ́. Dókítà ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́."

"Ó ní lójoojúmọ́. Ó ní òun rò pé ọmọ á sàn ju báyìí lọ tí òun ò bá sí. Ìdí nìyẹn tí òun kì í fi wò ó. Ó ní kó má baà mọ ojú òun."

Máyọ̀kún kúnlẹ̀ gbì. "Ummú mi, olólùfẹ́ mi, mi ò mọ̀. Mo rò pé kunya ni. Mò ń gbèjà ẹ, mò ń bá gbogbo ayé jà nítorí ẹ."

Ummulkhair fi ọwọ́ tó kù fún un kan orí ẹ̀. Ohun tó sọ, Fàrídà ló bá a sọ ọ́: "Àṣà mi lẹ ń gbèjà. Èmi fúnra mi lẹ ò rí."

Dókítà ní àìsàn ni, kì í ṣe èpè, kì í ṣe ìwà, oògùn wà fún un. Ṣùgbọ́n ó ní ó nílò dókítà tó gbọ́ èdè ẹ̀, ó nílò ìyá ẹ̀. Àwọn méjèèjì wà ní Sáríà.

Ni àwọn ẹbí bá pé sí pálọ̀ Máyọ̀kún. Àlíyù ní, "Ẹ ti nà án fún mi. Mo fẹ́ mú un lọ sílé." Alhájà ní, "Kó máa lọ. Ọmọ ò ní lọ. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, Gàm̀bàrí tí orí ẹ̀ ò pé ò lè tọ́ ọ."

Mi ò gbọ́ kí Máyọ̀kún gbóhùn sókè sí ìyá ẹ̀ rí. Ó dọ̀bálẹ̀ kó tó sọ ọ́. Ó ní, "Alhájà mi, ẹ̀yin lẹ bí mi. Àwọn tó nà án, ọ̀rọ̀ tí ẹ ń sọ yìí ló wà lẹ́nu wọn. Ọmọ á tẹ̀lé ìyá ẹ̀." Alhájà bú sẹ́kún. 

Ummulkhair àti Fàrídà wọ bàálù dé Kàdúná, ibẹ̀ ni wọ́n gbà dé Sáríà, Fàrídà ló gbé ọmọ dání. Máyọ̀kún dúró sí pápákọ̀ òfurufú Èkó títí wọ́n fi ní kó kúrò lójú ọ̀nà.

Oògùn ṣiṣẹ́ o, mo dúpẹ́. Láàárín oṣù márùn-ún, ó ti ń jẹun, ó ti ń sùn. Fàrídà fi fídíò kan ránṣẹ́, níbi tí Ummulkhair ti ń fẹnu ko ọmọ yẹn ní àtẹ́lẹsẹ̀, tí kò mọ̀ pé ẹnì kan ń wo òun. Máyọ̀kún jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mi, ó wo fídíò yẹn títí fóònù fi kú.

Ó gbàyè lẹ́nu iṣẹ́, ó lọ bá wọn. Ọ̀sẹ̀ kan ló ní òun máa lò. Ọjọ́ kẹta, mo rí i tó ń bọ̀ pẹ̀lú báàgì ẹ̀.

"Kí ló dé?"

Ó jókòó. "Màmá Jael, mo wọlé, mo ní ẹ kú ilé o. Yorùbá tí Ummú gbọ́ yẹn ṣáà ni. Abọ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ó fi gbogbo ara bo ọmọ, ó ń gbọ̀n. Nígbà tó rí i pé èmi ni, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ mí. Ó ní ọkàn òun mọ̀ pé èmi ni, ara òun ni kò mọ̀. Mo dúró lọ́jọ́ kejì. Bí mo bá ti wúkọ́ ní yàrá kejì, ara ẹ̀ á gbọ̀n."

"Kí ló wá sọ?"

"Ó ní òun nífẹ̀ẹ́ mi. Ó ní kí n dá òun sílẹ̀."

Ó sì dá a sílẹ̀. Níwájú Àlíyù àti bàbá kan láti mọ́ṣáláṣí, ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nínú ẹ̀sìn wọn, tí ọkọ bá sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, nǹkan bí oṣù mẹ́ta wà tó fi lè yí ọkàn padà, kó ní kí ìyàwó òun máa bọ̀. Kò ní ṣe ìgbéyàwó tuntun. Ó kàn máa pè é ni. Tí ọjọ́ bá ti kọjá, ó parí.

Gbogbo wa la dà bò ó. Fàrídà ní, "Pè é! Ó ń gbé fóònù dání kiri ilé. Tó o bá pè é, á wá." Àlíyù tó ní wọ́n máa dá a padà bí ọjà, òun gan-an wá ń bẹ̀ ẹ́. Àní Alhájà fúnra ẹ̀, lọ́jọ́ kan tí kò sí oníbàárà ní ṣọ́ọ̀bù mi, ó wá sọ fún mi pé, "Sọ fún un kó pe ọmọ Gàm̀b... kó pe ìyá ọmọ ẹ̀."

Ọjọ́ tó kẹ́yìn bọ́ sí Túsìdè; tí oòrùn bá ti wọ̀, ọjọ́ ti pé nìyẹn. Máyọ̀kún ò lọ síbi iṣẹ́. Ó wá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mi láti ọ̀sán, ó gbé fóònù lé orúnkún. Mò ń dirun, mò ń wò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú. Nígbà tí oòrùn ti ń lọ, mi ò lè pa á mọ́ra mọ́.

"Máyọ̀kún, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ẹ́. Pè é."

"Màmá Jael, tí mo bá pè é, á wá."

"Ṣebí ohun tó o fẹ́ nìyẹn?"

"Á wá, torí pé ó fẹ́ràn mi. Á máa gbọ́ ohùn mi láàárọ̀, á máa gbọ́ ọ lálẹ́, ara ẹ̀ á máa gbọ̀n. Tí mo bá bi í, á ní kò sí nǹkan." Ó nu ojú. "Mo ti gbà á gbọ́ lẹ́ẹ̀kan."

Wọ́n pe ìrun Màgàríbì. Ó dìde, ó fi fóònù sápò, ó lọ ṣàlùwàlá.

Ó ti parí nìyẹn.

Àwọn kan ní ojo ni. Àwọn kan ní kò fẹ́ràn ẹ̀ tó. Èmi ò mọ̀. Mo kàn mọ̀ pé mi ò rí ẹni tó jókòó ti fóònù bẹ́ẹ̀ rí, kó má sì fọwọ́ kàn án. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi dá sí i, ẹ má fi òótọ́ pamọ́ fún mi: tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, ṣé ẹ máa pè é?